Lẹ́tà Ti Dé, Ètò Rẹ̀ Kò Tíì Dé

Ọ̀rọ̀ kan ti di àsọtúnsọ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀rọ àti àwọn tó ń bá wọn yangàn: pé kọ̀ǹpútà ti gbọ́ Yorùbá wàyí. Ẹ̀rí wọn ni pé àmì ohùn ń hàn lójú fóònù, tí àmì abẹ́ ẹ àti ọ kò sì di àpótí òfìfo mọ́. Lóòótọ́, lẹ́tà ti dé. Ètò lẹ́tà ni kò tíì dé. Àkójọ orúkọ tí ènìyàn wá orúkọ rẹ̀ síbi tó yẹ kó wà tí kò rí i, kì í ṣe àkójọ.

Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Dassa-Zoumè, ìlú àwọn Ìdáàṣà láàárín àwọn òkè ẹkùn Collines. Àkọtọ́ ilẹ̀ Benin, tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1975 tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 1990, ń kọ ɛ níbi tí ará Ìbàdàn ti ń kọ ẹ, ó ń kọ ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ. Bí olùkọ́ kan níbẹ̀ bá tẹ Adé, Ɛ̀bùn, Ɔlá, Shadé àti Zinsou sínú ètò kọ̀ǹpútà tí kò mọ òfin èdè kankan, nọ́ńbà tí Unicode, ìlànà àgbáyé fún lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, fún lẹ́tà ni ètò náà yóò fi tò wọ́n. Nọ́ńbà Z jẹ́ 90, ti Ɔ jẹ́ 390, ti Ɛ jẹ́ 400. Zinsou, tó yẹ kó kẹ́yìn pátápátá, á wá ṣáájú Ɔlá, Ɔlá á sì ṣáájú Ɛ̀bùn.

Wọ́n á ní ìlànà ti wà fún èyí. Ó wà. Unicode ní tirẹ̀, ISO/IEC 14651 sì ti wà láti 2001. Ìlànà wọ̀nyí ń wo lẹ́tà ná, kí wọ́n tó wo àmì ohùn; ìdí nìyẹn tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ fi lè tẹ̀ léra láìsí ìjà. Unicode tún gbé ìwé ìdánwò jáde, ìlà rẹpẹtẹ tí ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ ṣáájú èyí tó wà lókè rẹ̀. Ètò tó bá yege ni wọ́n ń pè ní ètò tó bá ìlànà mu.

Àtẹ títò gbogboogbò, tí kò wà fún èdè kan pàtó, ni ìwé náà ń dán wò, kì í ṣe Yorùbá. Nínú àtẹ yẹn, ẹ kì í ṣe lẹ́tà tó dá dúró, e tó ní àmì lábẹ́ lásán ni. Gb kò sí níbẹ̀ rárá. G àti b ni. Ètò lè gba gbogbo máàkì ìdánwò yìí, kó sì to ẹ̀bi mọ́ ebi, kó ki gbọ̀ngàn bọ àárín gàárì àti gèlè. Ìwé ẹ̀rí tó gbà kò sọ nǹkan kan nípa Yorùbá.

CLDR, àkójọ Unicode tí òfin èdè kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, ní òfin fún Yorùbá: ẹ, gb, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn. Ìyẹn dára. Ó tún ní ojú ewé fún Yorùbá ilẹ̀ Benin, tí Ɔjɔ́ àti Shɛ́rɛ́ wà nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀. Ɛ àti ɔ kò níṣòro níbẹ̀, nítorí lẹ́tà gidi ni wọ́n nínú àtẹ gbogboogbò. Sh ni wọ́n gbàgbé. Òfin títò náà kò dárúkọ rẹ̀. Shàngó á wá bọ́ sáàárín sàárà àti súúrù ní Dassa, bẹ́ẹ̀ Ṣàngó ń tẹ̀ lé súúrù ní Ìbàdàn.

Àwọn kan ní sh yóò da ẹ̀rọ lójú rú. Irọ́ ni. Èdè Czech ń to ch tirẹ̀ sẹ́yìn h, kò sì sí ẹ̀rọ tó kú. Yorùbá kì í kó kọ́ńsónáǹtì méjì jọ, nítorí náà kò sí s àti h tí yóò ṣèèṣì pàdé. Àwọn mìíràn ní àpótí ìwákiri ti gba iṣẹ́ títò ṣe. Ìwákiri náà lè gbára lé àtẹ kan náà, kò sì sí àpótí ìwákiri lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ní ti àwọn tó ní kí Benin àti Nàìjíríà kọ́kọ́ fi àkọtọ́ ṣọ̀kan, láti 1975 ni ọmọ Dassa ti ń dúró.

Ìwé ìjọba Benin gan-an ti dá kún ọ̀rọ̀ náà. Ọlátúnjí di Olatoundji, Adéṣínà di Adéchina, ní ilẹ̀ tí abala 11 òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti 1990 fún gbogbo àwùjọ lómìnira láti sọ èdè wọn kí wọ́n sì kọ ọ́. Ìwà àìbìkítà ni, ìtìjú sì ni. Ọmọ tí wọ́n fi lẹ́tà Faransé kọ orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ibo ni yóò ti mọ̀ pé ó ní lẹ́tà tirẹ̀ tó yẹ kí ẹ̀rọ tò?

Nàìjíríà kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì kan ń fi àmì tóótó sábẹ́ e, òmíràn ń fi ìlà òró sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Unicode, 0323 ni ìkíní, 0329 ni ìkejì, wọn kò sì bá ara wọn dọ́gba. Ẹ̀bùn méjì á wà nínú àkójọ kan, ọ̀kan ní ipò rẹ̀, èkejì láàárín e.

Ìdánwò tó yẹ kò ṣòro. Kí àwọn olùkọ́ èdè ní Dassa, Savè àti Kétu kọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ní ètò tó tọ́: kí gb àti sh wà níbẹ̀, kí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, kí àmì abẹ́ méjèèjì ti Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n da ọ̀rọ̀ náà rú, kí ẹ̀rọ tò ó padà, kí wọ́n fi wéra. CLDR ń gba àbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n fi àkójọ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú àbá lórí sh, kí ilé iṣẹ́ kankan má sì tún sọ pé ẹ̀rọ òun gbọ́ Yorùbá títí yóò fi yege níbẹ̀.