Níbo Ni Ojú Yín Wà?



Bí òjò bá ṣú ní Ajégúnlẹ̀, tí ẹ ń sáré kó aṣọ lórí okùn, ẹ máa ń gbọ́ ìró bàálù lókè, ṣùgbọ́n ẹ kì í rí i. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹni tí ń wa bàálù náà, ǹjẹ́ òun rí yín bí? Rárá o. Nínú ìkùukùu, funfun ni níwájú, funfun ni lẹ́yìn. Àwọn aago tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó fi ń ríran: ọ̀kan ń sọ bí ó ti ga tó, ọ̀kan ń sọ eré tí ó ń sá, òmíràn ń sọ bóyá apá bàálù tẹ́jú tàbí ó dagun.

Ẹ lè wí pé, ṣé kò lè fi ara mọ̀ ọ́n ni? Ẹ rántí àwọn ọmọdé tí ń ṣeré òòyì. Bí wọ́n tilẹ̀ dúró, ilẹ̀ a ṣì máa yí lójú wọn. Ara ń purọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni bàálù lè máa yí lọ sílẹ̀, kí ara awabàálù sì máa wí fún un pé ọ̀nà tààrà ni òun ń lọ. Ní 1954, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán ènìyàn 20 tí kò kọ́ bí a ti ń fi aago wọ̀nyí wa bàálù wò. Kò sí ẹyọ kan tí apá rẹ̀ ká a. Bí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 péré ni, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà ń ṣìṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù Máàṣì, 2008, bàálù kékeré kan, Beechcraft 1900D, gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí Bebi ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Ó wọnú ìkùukùu níbi tí òkè pọ̀ sí, kò sì ga tó. Ó kọlu òkè. Àwọn mẹ́ta inú rẹ̀ kú, ó sì lé ní oṣù márùn-ún kí a tó rí àwókù rẹ̀.

Kí ni ó máa ń mú ojú kúrò lára aago? Nígbà mìíràn, ohun tí kò tó nǹkan ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Dìsẹ́ńbà, 1972, nítòsí Miami ní Amẹ́ríkà, gílóòbù kékeré tí ń fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú bàálù ńlá kan ti jáde kò tàn. Gbogbo àwọn tí ó wà níwájú kó ojú lé gílóòbù. Bàálù rọra ń lọ sílẹ̀, títí ó fi já sínú àbàtà. Ènìyàn 101 kú. Gílóòbù ni ó jó o. Kò sí ohun tí ó ṣe bàálù. Bàálù tí ojú pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn. Nínú ti kékeré, ẹnì kan ṣoṣo lè máa wo aago, kí ó máa wo máàpù, kí ó tún máa dá rédíò lóhùn.

Ní 1981, Amẹ́ríkà ṣòfin fún àwọn bàálù akérò: nígbà tí wọ́n bá ń gòkè tàbí tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nísàlẹ̀ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, awabàálù kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́.

Àwa Mùsùlùmí mọ ọ̀ràn yìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ sọ́jà lórí ìrun, tí kò mọ̀ bóyá rákà mẹ́ta ni òun kí tàbí mẹ́rin, Ọlọ́run ti ṣàánú rẹ̀: ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé wà fún un. Kò sí ìforíkanlẹ̀ ìgbàgbé lójú òfurufú. Kò sì sí i lójú ọ̀nà Àpápá.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bàbá àwọn ọmọ tí ń wa tírélà jáde ní èbúté lóru, ojú ọ̀nà ni aago tirẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ bi í lórí fóònù tí kò lè di òwúrọ̀? Owó ọbẹ̀ ni? Ẹjọ́ ìyálé ni? Gílóòbù ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Owó ilé-ìwé ni mo ń béèrè, mo sì gbọ́ bí ó ti tẹ bíréèkì, tí ó kígbe, tí fóònù dákẹ́. Ó délé láyọ̀, àlùhámúdù lílàhì, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ìdákẹ́ yẹn.

Ẹ bá a ṣe àdéhùn: bí ó bá dúró, òun ni yóò pè. Ẹ gbàdúrà fún un kí ó tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀nà.