Ẹ Máa Yẹ Ojú Ẹni Tó Ń Lo Largactil Wò

Ọdún 1964 ni Greiner àti Berry ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Kánádà: àwọn aláìsàn ọpọlọ tó ti ń lo chlorpromazine, tí àwa mọ̀ sí Largactil, fún ọ̀pọ̀ ọdún ń yí àwọ̀ padà, nǹkan sì ń kó sínú ẹyinjú wọn. Ó ti lé ní 60 ọdún. Ta ló ń sọ ọ́ fún aláìsàn?

Oògùn náà a máa sá pamọ́ sínú awọ ara. Bí oòrùn bá ti ń pa ibẹ̀, awọ á di aláwọ̀ eérú tó ní aró nínú. Ojú, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí aṣọ bò kì í yí. Kódà inú ìhunjọ iwájú orí, tí oòrùn kì í dé, lè wà bó ṣe wà. Ti ojú nìyí: ohun wínníwínní á kó sí awọ iwájú ẹyinjú, òmíràn á dúró sára dígí inú ojú, á yọ ẹ̀ka bí ìràwọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, onítọ̀hún ṣì ń ríran dáadáa, kò sì ní fura.

Thioridazine, oògùn ọpọlọ mìíràn tó jọ Largactil, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ó bá kọjá 800 miligíráàmù lójúmọ́, ó lè ba ẹ̀yìn ojú jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti kó o kúrò lọ́jà ní 2005. Largactil ṣì wà, torí kò wọ́n.

Lára àwa tó dúdú, àyípadà yìí kì í tètè hàn. Ìyá á ní oòrùn ọjà ló pa ọmọ òun; aládùúgbò á ní èpè ni.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kọ oògùn náà, kí nọ́ọ̀sì sọ fún aláìsàn àti ẹni tó mú un wá, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, pé kó máa dé fìlà, kó máa wọ aṣọ alápá gígùn. Kí dókítà ojú máa yẹ ẹyinjú rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kí èsì rẹ̀ sì wà lórí káàdì tí wọ́n ń kọ oògùn sí.

Àwọn kan ní bí a bá sọ ọ́, aláìsàn á sá fún oògùn. N kò gbà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, ni yóò da oògùn nù fúnra rẹ̀, tí àìsàn á sì padà dé. (Kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró láìbi dókítà o.) Bí wọ́n bá tètè rí àyípadà náà, dókítà lè dín oògùn kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ara lè padà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti wọ dígí ojú kì í sábà kúrò mọ́.