Ara Yá Lẹ́yìn Ìtọ́jú: Ṣé Ìtọ́jú Ló Wò Ó?

Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn tí àyà ń dùn nítorí àìsàn ọkàn. Wọn a di iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tó gba abẹ́ egungun àyà, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè yà sí ọkàn. Wọ́n bi aláìsàn léèrè ṣáájú, wọ́n tún bi í lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ní ara tu àwọn. Ta ni yóò jiyàn?

Leonard Cobb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle jiyàn. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1959, aláìsàn 17 ni wọ́n pín sọ́nà méjì láìṣàyàn. Wọ́n di iṣan fún 8. Awọ àyà lásán ni wọ́n gé fún 9, wọ́n sì rán an padà. Kò sí aláìsàn tó mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Àwọn tí wọ́n gé láwọ lásán náà ń sọ pé ìrora dín kù, bí àwọn yòókù ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ abẹ náà fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ohun mìíràn náà lè mú kí ara yá lẹ́yìn ìtọ́jú. Ìgbà tí ìnira bá le jù là ń wá ìwòsàn, ìnira tó ti le dé góńgó sì sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wọ̀n nígbà tí èèyàn ń mí hẹlẹhẹlẹ lè ga. Tó bá jókòó sinmi, á wálẹ̀, ì báà má mu àgbo kankan. Àsìkò náà ń kó sí i. Bí wọ́n bá pín àwọ̀n ẹ̀fọn ní òjò, tí wọ́n ka àwọn tó ní ibà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀rùn ti bá wọn ṣe nínú iṣẹ́ náà. (Àwọ̀n ń ṣiṣẹ́ o! Ní Ghana àti Kenya, abúlé tó gbà á ni wọ́n fi wé èyí tí kò tíì gbà á kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.)

Ẹ tún wo iye èèyàn tó ṣẹ́kù dé òpin ìwádìí. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ ní ìbéèrè 12 tí wọ́n fi ń yẹ irú ìwádìí ṣáájú-àti-lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ wò. Ọ̀kan ni pé: ṣé àwọn tó já sọ́nà kò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ? Òmíràn: ṣé ẹni tó ń wọn àbájáde mọ ẹni tó gba ìtọ́jú? Ọ̀rọ̀ àwọn tó já sọ́nà ló ń dùn mí jù nínú ìpolówó oògùn wa, torí òkú kì í wá jẹ́rìí lórí rédíò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má tìtorí ẹ̀rí ẹnìkan pa á tì. Ẹ mú orúkọ ohun tí wọ́n ń polówó lọ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ti fi àwọn tó lò ó wé àwọn tí kò lò ó rí.