Kí Á Tó Sọ Pé Ẹ̀rọ Rédíò Ti Bàjẹ́

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní RTL-SDR. Bí a bá kì í bọ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà á di rédíò. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dára fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò. Ṣùgbọ́n bí ohùn kò bá já gaara, kíá ni wọ́n á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíràn. Lójú tiwa, ìfowóṣòfò ni.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ aago inú rẹ̀ wò. Bí ó bá fi ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan yẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò orí 100 MHz á fi 5 kHz kúrò ní àyè rẹ̀. Ooru máa ń mú un yẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa ná, kí ẹ tó tún un ṣe níbi tí wọ́n kọ ppm sí.

Lẹ́yìn náà, wáyà ilẹ̀. Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà, kí ẹ lo bátìrì. Bí ariwo bá dákẹ́, ẹ̀bi ṣájà ni.

Ìkẹta, bí ilé iṣẹ́ FM bá wà nítòsí, ẹ dín agbára ìgbohùn kù. Ọ̀pọ̀ ló ń fi kún un, ìyẹn ló sì ń ba ohùn jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá atúnrédíò ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní àyẹ̀wò mẹ́ta yìí kí ẹ tó fi ìrìn ọjà kọ́ wọn.