Ọ̀rọ̀ Àánú àti Ọ̀rọ̀ Ìbáwí

Ọmọ ilé ìwé tí ń gbé ní Ìgbẹsà kò ṣe aláìgbọ́ èdè àjèjì. Ìlú Àwórì ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ibodè ilẹ̀ Benin, níbi tí a ti ń sọ Faransé, kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀, àwọn ará Ṣáínà sì ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè òwò Ogun-Guangdong. Èdè Spéìn pàápàá kò jìnnà tó bí a ti ń rò. Òun ni èdè ìjọba ní Equatorial Guinea, tí ó gba òmìnira ní 1968, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ṣe iṣẹ́ oko kòkó rí, ní erékùṣù Fernando Po tí à ń pè ní Bioko nísinsìnyí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ èdè yìí yóò bá ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan pàdé: lamentable. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó jẹ mọ́ ẹkún àti ìdárò ni ó ti wá. Kì í yí padà fún akọ tàbí abo. Bí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ, lamentables ni. Ìyẹn kò le rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Bí a bá ní un accidente lamentable, ìjàm̀bá tí ó ṣe ni láàánú ni. Ṣùgbọ́n una conducta lamentable jẹ́ ìwà tí ó kù díẹ̀ káàtó, a sì ń bá ẹni tí ó hù ú wí.

Yorùbá kì í sábà da méjèèjì pọ̀ báyìí. "Ó mà ṣe o" kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. "Pẹ̀lẹ́" ni à ń kí ẹni tí ó fẹsẹ̀ kọ, bí kì í tilẹ̀ ṣe àwa ni a gbé òkúta síbẹ̀. Àlejò tí kò mọ àṣà wa a máa rò pé àforíjì ni à ń tọrọ! Ṣùgbọ́n bí àgbà bá wí fún ọ pé, "Ohun tí o ṣe yìí kù díẹ̀ káàtó," o mọ̀ pé ó ti bá ọ wí, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ tutù.

Lójú tèmi, ó yẹ kí a kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí pé ènìyàn lè fi ara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Spéìn a máa bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pé Es lamentable que, láìdárúkọ ẹni tí ó fa ọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀rọ gé òṣìṣẹ́ kan níka ní ilé iṣẹ́, nítorí pé a yọ ìbòrí ẹ̀rọ náà kí iṣẹ́ lè tètè yá, tí ọ̀gá sì kọ̀wé pé ọ̀ràn náà jẹ́ lamentable. Àánú ni ó ń ṣe é ni, tàbí ó ń bá ara rẹ̀ wí? Bí a bá ní kí ẹ túmọ̀ ìwé náà fún ìyá òṣìṣẹ́ yẹn, ẹ má tètè kọ "ó mà ṣe o." Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó yọ ìbòrí náà.