Oyè Pọ̀ Lórí LinkedIn, Iṣẹ́ Dà?

Bí ẹ bá ṣí LinkedIn láàárọ̀ yìí, tí ẹ wá àwọn ará Èkó tàbí Ìbàdàn níbẹ̀, ẹ ó rò pé kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. CEO ni tibí, olùdásílẹ̀ ni tọ̀hún, aríran ló jókòó sáàárín wọn. Ta ló fi wọ́n joyè? Nílé wa, ẹbí ní láti fohùn ṣọ̀kan, àwọn ìjòyè ní láti jókòó, ọba ní láti fi ewé akòko lé ni lórí kí á tó pe ènìyàn ní olóyè. Lórí LinkedIn, ẹni tó fẹ́ joyè ló ń já ewé akòko fúnra rẹ̀, òun náà ló ń fi í lé ara rẹ̀ lórí, òun náà ló sì ń kí ara rẹ̀ kú oríire. Mo ní irọ́ ni púpọ̀ nínú oyè wọ̀nyí. Mo tún ní irọ́ yẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni iṣẹ́ gidi tí wọ́n gbé pamọ́ kí irọ́ náà lè ríbi jókòó.

Oṣù karùn-ún ọdún 2003 ni Reid Hoffman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí LinkedIn fún aráyé. Ní 2016, Microsoft rà á ní owó tó lé ní bílíọ̀nù 26 dọ́là. Nígbà tó fi di 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín àyè ibẹ̀. Lábẹ́ orúkọ yín, létà 220 péré ni wọ́n fún yín láti fi sọ ẹni tí ẹ jẹ́. Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti ṣe, 2,000 ni. Àwọn tó ṣe ibẹ̀ mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa pọ̀ sí. Kí làwa ṣe? A rọ́ oyè kún 220 náà títí ó fi fẹ́ ya, a sì fi 2,000 sílẹ̀ lófìfo.

Mo mọ ọmọkùnrin kan ní Computer Village, n'Íkẹjà. Ó kọ́ṣẹ́ fóònù títúnṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní òpópónà Ọ̀tígbà, ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù, ó gba tábìlì tirẹ̀. Ẹ wá wò ó lẹ́nu iṣẹ́. Fóònù tí omi ti wọ̀, tí ẹni tó ni ín ti gbà pé ó ti tán, á tú u, á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ bọ́ọ̀dù rẹ̀, á gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, á wá máa fi mítà wá ibi tí iná kò ti kọjá mọ́. Tó bá ti rí i, á fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ ẹ̀yà bọ́ọ̀dù kan tó ti kú, aísíì ni wọ́n ń pè é, èyí tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, á jó òmíràn síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbàárà ti ń fi fóònù náà pe ìyàwó rẹ̀.

Ẹ wá lọ wo ojú-ìwé rẹ̀ lórí LinkedIn. "Olùdásílẹ̀ àti CEO" ilé-iṣẹ́ kan tí kò sí níbì kankan àfi níbẹ̀, lẹ́yìn náà "ẹni tí tẹkinọ́lọ́jì ń jẹ lọ́kàn". Kò sí bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Kò sí aísíì. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tó lè mú kí ilé-iṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ì báà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Manchester, gbé fóònù kí wọ́n pè é, ó ti sin ín. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá kọ ọ́ pé apírẹ́ńtísì ni mo ṣe? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Apírẹ́ńtísì lo ṣe, kí ló wá burú níbẹ̀? Ní Jámánì, ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, tó ṣe ìdánwò tó sì yege, gàdàgbà ló ń kọ ọ́ sójú CV rẹ̀, agbanisíṣẹ́ á sì bọ̀wọ̀ fún un. Tiwa rèé, ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, tá à ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tá à ń lọ ra àmàlà fún ọ̀gá kí wọ́n tó jẹ́ ká fọwọ́ kan irinṣẹ́, ọdún tí ènìyàn fi di oníṣẹ́ gan-an, la wá ń pè ní ìtìjú. Ohun tó yẹ kí ọmọkùnrin yìí kọ kò ṣòro rárá: Mo ń tún bọ́ọ̀dù fóònù ṣe, iPhone àti Samsung ló pọ̀ jù. Mo ń pààrọ̀ aísíì, mo ń jó ẹnu ṣájà, mo ń gba fọ́tò àti nọ́ńbà padà nínú fóònù tó ti kú. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá báyìí ni mo ti kọ́ṣẹ́, láti ọdún báyìí sí ọdún báyìí. Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì, wọ́n ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ó parí. Gbogbo rẹ̀ kò tó létà 400, ẹni tó bá sì ń wá oníṣẹ́ ti mọ ohun tí òun máa bi í nígbà tó bá pè é.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn olóyè orí LinkedIn máa ń fọ̀. Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọ́n ní àwọn agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ yìí ló ba ọjà jẹ́, torí àwọn náà ló ń polówó pé ọmọ ọdún 26 tó ti ní ìrírí ọdún mẹ́wàá làwọn ń wá. Mo fara mọ́ ẹ̀sùn yẹn. Ẹni tó kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n purọ́ fún òun. Ṣùgbọ́n kí ni èké náà ń rà fún ẹni tó gbé e lọ́wọ́? Ní 1999, Salisu Buhari di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Ìwé ẹ̀rí Yunifásítì Toronto tó ní òun ní, kò ní in. Ọjọ́ orí tó kọ sílẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé ìròyìn The News tú u síta, oṣù keje ọdún náà kò sì tán kó tó dìde lórí àga. Àwọn aláwọ̀ funfun náà kò gbẹ́yìn. Scott Thompson di ọ̀gá àgbà Yahoo ní oṣù kìíní ọdún 2012. Oyè ìmọ̀ ìṣirò owó ló gbà ní ilé ìwé, àmọ́ wọ́n kọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Oṣù karùn-ún ló kúrò. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ débi pé wọ́n fi odidi Yahoo lé e lọ́wọ́, kí ló tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ méjì yẹn ṣe?

Àwọn olóyè ńlá nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa àwọn mẹ̀kúnnù lára jù ni báǹkì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń jókòó sí káńtà, tó ń ka owó, tó ń fi ẹ̀rín pàdé oníbàárà tó ń bínú, kì í ṣe báǹkì ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gbà wọ́n, òun ló fún wọn ní lẹ́tà, òun ló ń san owó oṣù wọn; báǹkì kàn ń yá wọn lò ni. Kọ́ńtíráàtì sítáàfù là ń pè wọ́n. Káàdì báǹkì ló wà lọ́rùn wọn, iṣẹ́ báǹkì ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, owó tí wọ́n ń gbà kò sì sún mọ́ ti ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó. Ìrẹ́jẹ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé LinkedIn, orúkọ báǹkì nìkan ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú "máníjà ọ̀rọ̀ oníbàárà" nídìí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ilé-iṣẹ́ ńlá á fẹ́ gbà wọ́n, àwọn tó ń yẹ ìtàn iṣẹ́ wò á kọ ímeèlì sí báǹkì. Ìdáhùn á dé: a ò rí orúkọ yìí nínú ìwé wa. Ó tán nìyẹn. Gbogbo ọdún tí ènìyàn fi ka owó olówó láìsí pé kọ́bọ̀ kan dín, ó di irọ́ lójú àjèjì, nítorí gbólóhùn kan tí kò kọ: ilé-iṣẹ́ báyìí ló gbà mí, báǹkì báyìí ni wọ́n fi mí sí, kaṣíà ni mí.

Àwọn agùnbánirọ̀ ńkọ́? Láti 1973 ni ìjọba ti ń kó wọn kiri orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó fi ọdún kan kọ́ kíláàsì mẹ́ta ní ìṣirò ní abúlé tí kò ní tíṣà ìṣirò rí, "mo sin ilẹ̀ baba mi" ló kọ síbẹ̀. Ọmọ tó dàgbà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Gbági, n'Íbàdàn, tó ń tọ́jú ìwé àwìn, tó mọ ẹni tó yẹ ká tún gbé ọjà fún àti ẹni tí a kì í gbé e fún mọ́, tó ń pín aṣọ ẹbí fún gbogbo ìdílé ọkọ àti ti ìyàwó láìsí pé yáàdì kan sọnù, ó ní òun kò ní ìrírí kankan. Ó wá lọ san owó fún àwọn tó ń polówó pé àwọn ń tún LinkedIn ṣe. (Owó ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ làwọn yẹn ń jẹ, Ọlọ́run á dá wọn lẹ́jọ́.) Ohun tí wọ́n kọ fún un náà ni wọ́n kọ fún ẹni tó ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ti japa. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìlera, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní kẹ́ẹ̀, kún àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi gba físà, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn náà ní 2025. Ọ̀pọ̀ tíṣà, òṣìṣẹ́ báǹkì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló gba ibẹ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ṣí LinkedIn wọn: báǹkì Èkó ni wọ́n ṣì wà "títí di òní". Bẹ́ẹ̀ òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ kẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi họ́ìsì gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga láìjẹ́ kí awọ ara rẹ̀ bó. Wọ́n ń fọwọ́ sí ṣáàtì oògùn ní wákàtí tó yẹ. Láti ara bí màmá kan ṣe fi tíì rẹ̀ sílẹ̀ láìmu, wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà lára rẹ̀, wọ́n sì pe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá lè kọ gbólóhùn mẹ́ta wọ̀nyí ní nǹkan lọ́wọ́ láti fi wá iṣẹ́ ní ọsibítù. Ẹni tó kọ báǹkì tó ti kúrò láti ìgbà pípẹ́ kò ní nǹkan kan.

Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọn ò ní sọ pé agbanisíṣẹ́ làwọn ń bẹ̀rù. "Àwọn ará ilé á rí i" ni wọ́n máa sọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ni mo ti ń bínú. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ là ń kọ LinkedIn fún. Ẹgbẹ́ tá a jọ jáde ilé ìwé là ń kọ ọ́ fún, pẹ̀lú àna, pẹ̀lú ẹni tó já wa jù sílẹ̀ ní 2015, kí wọ́n lè mọ̀ pé ayé yẹ wá. Àwọn yẹn ò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n fẹ́ fún wa. Ẹni tó ní i kò tíì mọ̀ wá rí, kò mọ àna wa, nǹkan kan ṣoṣo ló sì fẹ́ mọ̀: kí lẹ lè ṣe?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn CEO yìí, àlàfo ló bí wọn. Iṣẹ́ bọ́, ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ojú ń ti ni pé ibẹ̀ ṣófo, la bá gbé "agbaninímọ̀ràn" dí i. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kẹta ọdún 2022 ni LinkedIn ti ṣe àyè fún irú ọdún bẹ́ẹ̀: ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́mọ, láti tọ́jú aláìsàn, nítorí ọ̀fọ̀, nítorí àìlera tiyín, tàbí pé wọ́n dá yín dúró. N kì í sábà rí i lójú-ìwé àwọn ènìyàn wa. Obìnrin kan tó sún mọ́ mi fi ọdún méjì tọ́jú ìyá rẹ̀ tí rọpá-rọsẹ̀ dá gúnlẹ̀. Òun ló mọ wákàtí oògùn, òun ló ń bá dókítà jiyàn, òun ló ń kó owó ilé ìwòsàn jọ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n tí gbogbo wọn wà lókè òkun, tó sì ń kọ gbogbo náírà tó jáde sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó jẹ nínú rẹ̀. Lórí LinkedIn, CEO ilé-iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ló jẹ́ ní ọdún méjì yẹn. Kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Mo ti sọ fún un pé kó pa á rẹ́, kó kọ ohun tó ṣe. Ó ní òun ń rò ó, mo sì ń fà á mọ́ ọn lọ́wọ́ títí di báyìí.