Ẹ má jẹ́ kí fíìmù wọ̀nyí jẹrà sínú àpótí

Ní oṣù kẹta ọdún 1964, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé sinimá kan ní ìlú New York. Flaming Creatures ni wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, fíìmù kan tí kò gùn tó wákàtí kan, tí Jack Smith ṣe ní 1963. Àwọn ọkùnrin tó múra bí obìnrin pọ̀ nínú rẹ̀, ìhòòhò sì wà níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá gbé fíìmù náà lọ, wọ́n sì mú Jonas Mekas àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Lónìí, fíìmù kan náà yìí ni wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí wọ́n bí sí Peckham, Houston tàbí Toronto lè béèrè pé kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kàn yín, nítorí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, ojú àti ohùn àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa sì wà nínú àwọn kan lára wọn. Èrò tiwa ni pé ó yẹ ká tọ́jú wọn, ó sì yẹ ká máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a ó ṣe máa fi wọ́n han èèyàn gba ọgbọ́n.

Lábẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú fíìmù àwọn tó ń fẹ́ akọ sí akọ, abo sí abo láyé ìgbà náà. Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá tó náwó sí i. Fíìmù 8mm tàbí 16mm ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ irú èyí tí kì í ní nẹ́gátíìfù: èyí tó ti inú kámẹ́rà jáde gan-an ni wọ́n ń fi hàn. Bó bá ti ya, ó parí nìyẹn. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá mú fíìmù asetéètì, á máa rùn bíi fínígà, á sì máa sún kì. Òtútù lè dín ìbàjẹ́ náà kù, kò lè wò ó sàn. Fídíò káàsẹ́ẹ̀tì náà ń gbó, ẹ̀rọ tí a ó fi wò ó sì ń wọ́n sí i, nítorí láti ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ VHS kẹ́yìn ti dáwọ́ dúró.

Àrùn éèdì tún wá dá kún un. Ó pa Jack Smith ní 1989, ó sì pa Marlon Riggs, tó ṣe Tongues Untied, ní 1994. Àwọn ọ̀rẹ́ Smith ló sáré kó fíìmù àti ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé tó ń háyà, kó má baà di ìdọ̀tí. Kì í ṣe gbogbo olóògbé ló ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tiwa náà wà nínú ìtàn yìí. Èkó ni wọ́n bí Rotimi Fani-Kayode sí ní 1955, òun àti ẹbí rẹ̀ sì sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1966. Fọ́tò ló ń yà, kì í ṣe fíìmù. Ní Brixton ló ti ń fi ohun ìṣẹ̀ṣe Yorùbá ya àwòrán ara ọkùnrin dúdú, láìfi ìfẹ́ tó ní sí ọkùnrin pa mọ́. Ó kú ní 1989, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Autograph, ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀, òun ló jẹ́ ká ṣì máa rí i.

Bí kò bá sí ẹni tó tọ́jú ńkọ́? Cheryl Dunye fi The Watermelon Woman dáhùn ní 1996. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin dúdú kan ń wá ìtàn òṣèré dúdú kan tó ti di ẹni ìgbàgbé. Dunye ní láti hùmọ̀ òṣèré náà àti fọ́tò rẹ̀, nítorí kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni pa mọ́. Ní 2021, Library of Congress fi fíìmù náà sára èyí tí Amẹ́ríkà ò gbọ́dọ̀ pàdánù.

Àwọn àgbà kan á ní kí a fi í sílẹ̀, pé kì í ṣe àṣà wa. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ wò ó kò ní láti wò ó. Jíjẹ́ kó jẹrà kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọlúàbí.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ìfihàn. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sílẹ̀ fún akọ tó bá gbé akọ níyàwó tàbí abo tó bá fẹ́ abo, àti ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹni tó jó nínú fídíò kan ní London ní 1988 lè ti di bàbá àgbà tó ń lọ kí ẹbí ní Ìbàdàn lọ́dọọdún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nítorí náà, kí àwọn tó ń ṣètò ìfihàn wá àwọn tó ṣì wà láàyè rí, kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu wọn, kí wọ́n pè wọ́n wá síbẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn lówó iṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ wò ó, ẹ má fi fóònù gé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan bá ní irú káàsẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í léèrè ìtàn rẹ̀. Ẹ má gbé e sí òkè àjà níbi tó ń gbóná. Bó bá ti ń hu, ẹ má tì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ bá a wá ilé ìpamọ́ fíìmù, bó bá gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kó dárúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ fún yín, nítorí ẹ̀rọ kankan ò lè bá wa rántí ìyẹn.